"Ihò ìyè" kọ́, àkọ̀ iyè ni

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìpẹru, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka àbá yín pé "ihò ìyè" ni ká máa pe ibi tí RAM, ègé tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ń wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ẹ má bínú, n ò lè gbà á. Ìyè ni ti igi ìyè. Iyè ni ti "iyè mi ra", òun náà ló wà nínú oògùn ìsọ̀yè. Àmì kan péré lórí "i" lẹ fi sọ ọ́ di ẹ̀mí. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ò ṣi ọ̀kan pè fún èkejì rí. Kí ló dé tí àwa tó mọ̀wé fi ń ṣì í kọ?

Ti ohùn tiẹ̀ kéré. "Ihò" gan-an ló ń bí mi nínú. Ihò eku, ihò imú: ihò kì í di nǹkan mú. Ibi tí RAM ń wọ̀ ní eyín, ìyẹn irin tín-ín-tín tó ń kan RAM: 204 fún irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3, 260 fún DDR4, 262 fún DDR5. Ó ní irin méjì tó ń gbá RAM mú lọ́tùn-ún lósì. Àkọ̀ nìyẹn. Ẹ má sì sọ pé ẹyẹ ni àkọ̀. "Idà ń wólé ara ẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́": ṣé ẹyẹ ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀?

Orúkọ yìí kan iṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà tó ní RAM 4GB méjì nínú àkọ̀ méjì bá ń rí 4GB nínú 8GB, ẹni tó gbà pé ihò lásán ni yóò sáré lọ ra RAM tuntun. Ẹni tó mọ̀ pé àkọ̀ ni yóò yẹ idà (RAM) àti àkọ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó pa kọ̀ǹpútà, kó yọ ṣájà, kó tú bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù (pátákó tí ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà lẹ̀ mọ́), kó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Kó fi RAM kan ṣoṣo sí àkọ̀ kìíní, kó dá iná padà, kó tàn án wò, kó tún pa á bíi ti àkọ́kọ́, kó gbé e lọ sí ìkejì. Kó fi RAM kejì ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí RAM méjèèjì bá jẹ́ ní kìíní, tí méjèèjì kọ̀ ní ìkejì, àkọ̀ ló bàjẹ́. RAM tó bá kọ̀ nínú àkọ̀ méjèèjì, òun ló lẹ̀bi.

Eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin ìgbà òjò lè fà á kí RAM tàbí àkọ̀ má jẹ́. Ojú wúrà ara RAM ni kí ẹ fi rọ́bà ìpalẹ́ẹ̀dìrẹ́ nù, kì í ṣe inú àkọ̀, nítorí ìdọ̀tí rọ́bà á há sáàárín eyín. Isopropyl alcohol (ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ) àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni ti inú àkọ̀, kó sì gbẹ dáadáa. Ní ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti RAM wọlé títí wúrà rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dún "kẹ́". Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ bọ́ọ̀dù nìkan ló ń tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjé tí wọ́n fi jó àkọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ló sán. Rọ́bà ò wo ìyẹn sàn.

Ní ti àbúrò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ní "ìrántí" ló sàn ju iyè lọ, torí pé olùkọ́ gírámà ni òun: iná lọ, iyè RAM ra pátápátá. Dísíìkì tó ń pa fáìlì mọ́ ló ń rántí. Bí àkọ̀ iyè bá gùn jù lẹ́nu yín, ẹ pa "i" jẹ bí a ṣe pa á jẹ nínú ìsọ̀yè, kó di àkọ̀yè.