Ṣé kí n máa dá gbé odindi ọkọ̀ ẹ̀wà ni, àbí kí n máa bá wọn pín in?

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin oníṣòwò oúnjẹ. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Ọjà Dawanau ní Kánò ló ti ń wá, mo sì ń ta nǹkan bí ogójì àpò lóṣù.

Tí mo bá bá àwọn ẹlòmíì pín ọkọ̀, ₦9,000 ni owó ọkọ̀ àpò kan. Tí mo bá dá gbé ọkọ̀ tó gba 120 àpò, ₦6,000 ni. Èrè ₦120,000 lóṣù nìyẹn, ìyẹn ló wọ̀ mí lójú.

Àmọ́ oṣù mẹ́ta ni ẹrù yẹn fi ń wà nílẹ̀. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi rà á, ₦100,000 lápò kan, èlé 2% lóṣù. Bí mo ṣe ń tà ni mò ń dá a padà. Tẹ́lẹ̀, ní ìpíndọ́gba, bí ogún àpò ló máa ń wà nílẹ̀. Ní báyìí, ọgọ́ta ni. Èlé ogójì tó lé yẹn, ₦80,000. Sítọ́ọ̀ kejì, ₦25,000. Ó ku ₦15,000 péré, kòkòrò ò sì tíì jẹ tiẹ̀ o! Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ki ọwọ́ bọ àpò kan, ìyẹ̀fun ló bá ọwọ́ mi jáde, gbogbo ẹ̀wà ti dá ihò. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí èmi àti ẹnì kan jọ gbé ọkọ̀, kí n gba ọgọ́ta àpò? Àbí kí n lo àpò PICS onípele mẹ́ta, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò rí afẹ́fẹ́ mí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣeé lò kó tó ya? Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ tó kàn ń gbéra.