Páyílódà àtijọ́ àti wàhálà páàtì rẹ̀: kí lojú tiyín rí?

Ọmọ Oníyanrìn (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, èmi náà ni màá kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Iyanrìn ni bàbá mi tà títí wọ́n fi jáde láyé. Lọ́dún 1991 ni wọ́n ra Caterpillar 966C kan lọ́wọ́ kọngilá tó parí iṣẹ́ ọ̀nà. Àlòkù ni nígbà yẹn pàápàá. Páyílódà yìí ló san owó iléèwé wa, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tó dákú ní 2009, bàbá ní kí wọ́n wọ́ ọ sẹ́yìnkùlé, pé tówó bá wọlé àwọn á tún un ṣe. Owó wọlé lóòótọ́, nǹkan mìíràn ló jẹ ẹ́. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ ní 2021, koríko ti bo táyà, alángbá ń mirí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ni ín, igi kan sì ti hù gba ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lu.

Àwọn àbúrò mi ní ká pe oní-kọ̀ńdẹ́mù. Mo ní rárá. Kì í kúkú ṣe ìfẹ́ bàbá nìkan. Mo ti lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta tókunbọ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wálé jẹ́jẹ́.

Mẹkáníìkì wa tú ẹ́ńjìnnì, ó ní písítìnì àti sílíìfù ti lọ, ríǹgì ti lẹ̀ pátápátá. 3306 ni ẹ́ńjìnnì náà, onísílíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́wàá àti ààbọ̀. Mo kọ "3306" sínú ìwé, mo kó owó sápò, ó di ọjà Àrárọ̀mí ní Gate. Wọn ò ní. Wọ́n ní kí n máa lọ sí Owódé Onírìn l'Ékòó. Ọ̀gá kan níbẹ̀ bi mí pé, "PC ni àbí DI?" Mo ní, "3306 ni." Ó tún béèrè. Mo tún dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ jágbe díẹ̀, bí ẹni pé òun ni kò gbọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tà á fún mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé oríṣi 3306 méjì ló wà. Nínú PC, yàrá kékeré kan wà nínú orí ẹ́ńjìnnì tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń kọ́kọ́ gbiná, kó tó tú jáde sórí písítìnì. Ti DI kò ní yàrá kankan. Orí písítìnì gan-an ni nọ́sùlù ń tu dísẹ́ẹ̀lì sí. Lójú aláìmọ̀ bíi tèmi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mẹkáníìkì to písítìnì tuntun àti ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí páálí, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ìka kan orí èkíní, ó fi kan orí èkejì. Ti àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti tuntun jìn wọnú bí abọ́ ọbẹ̀. Ojú tì mí.

Mo padà s'Ékòó. Ọ̀gá náà nàka sí ara ògiri, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tá a bá ti tà kò ní àbọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó gbà á padà, ó yọ iye tó wù ú, ó fún mi ní ti PC.

Ẹ máa wo nọ́ńbà tó wà lára páàtì fúnra rẹ̀, ẹ yé gbé orúkọ ẹ́ńjìnnì lọ sọ́jà. Nọ́ńbà Caterpillar (Cat) àtijọ́ máa ń jẹ́ òǹkà kan, lẹ́tà kan, òǹkà mẹ́rin. Ti ìsinsìnyí jẹ́ mẹ́ta, ìlà kékeré, mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ti àtijọ́ ni wọ́n ti fi nọ́ńbà míì rọ́pò, nítorí náà bí òǹtajà bá gbé èyí tí kò jọ tiyín jáde, ẹ má tíì pè é lólè. Ẹ ní kó ṣí ìwé rẹ̀ kó fi hàn yín.

Ó yá, ta ló kàn?

Ìyá Típà (Abẹ́òkúta)

Ọmọ rere ni ẹ́, oníyanrìn. Ohun bàbá kò ní bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Tèmi kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ písítìnì. Komatsu ni mo ní. Nígbà tí gíà rẹ̀ kọ̀, mo gbé e sí etí odò níbi tí a ti ń wa iyanrìn, mo ní kí ọlọ́dẹ máa ṣọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi lọ wẹ ọmọ fún ọmọ mi tó bímọ. Kí n tó dé, àwọn oní-kọ̀ńdẹ́mù ti fi gáàsì gé jáàkì tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ní apá ọ̀tún àti méjèèjì tí wọ́n fi ń yí mọ́tò. Họ́ọ̀sì ń ṣe jálajàla bí ìfun ewúrẹ́, ọ́ìlì ti ṣàn dé inú odò. Ọlọ́dẹ ní òun kàn fojú kan oorun ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá jáàkì kiri ọjà irin. Ṣọ́ọ̀bù kẹrin tí mo yà sí, mo rí ọ̀kan nílẹ̀ láàárín àwọn irin yòókù. Mo dúró. Wẹ́dà mi, tó bá ti jó nǹkan tán, ó máa ń fa ìlà wẹ́dìn kéékèèké mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ bí ilà ojú. Ìlà mẹ́ta náà ń wò mí. Mo pariwo, ọjà dà rú. Ọmọ tó ń tà á ní ọwọ́ ẹlòmíì lòun ti rà á, ó búra, ó fahọ́n lá irin, kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá ní kí n pe ọlọ́pàá, wọ́n á kó jáàkì lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ìgbà wo ni màá tún fojú kàn án?

Mo fowó mi ra ohun ìní mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, mo ti sunkún tèmi tán.

Méjì tí a fi ń yí mọ́tò, mi ò rí wọn títí di òní.

Mẹkáníìkì Òkè-Ògùn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni màá sọ. Oníbàárà kan gbé Cat 950 wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, kò rú èéfín, kò jẹ ọ́ìlì. Àmọ́ kò lágbára. Tó bá ti kì bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ inú òkìtì òkúta, á dúró sójú kan bíi màlúù tí wọ́n fẹ́ tì wọ ọkọ̀. Mo pààrọ̀ fílítà. Mo yọ nọ́sùlù lọ fún àyẹ̀wò. Mo ti ń wo tọ́ọ̀kì kọnfátà, èyí tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì fún gíà, tìfuratìfura, mo tilẹ̀ ti sọ fún oníbàárà pé òun ló kàn tá a máa tú, ẹ sì mọ iye tíyẹn jẹ́.

Ọmọṣẹ́ mi ló gbà mí. Ó ń fi dísẹ́ẹ̀lì fọ ara búlọ́ọ̀kù, ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan kan wà lábẹ́ ọ̀dà yìí o." A fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí lẹ́tà fi yọ. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ni! Ẹnì kan ti yọ ti páyílódà lọ, ó gbé ti jẹnẹrétọ̀ sí i, ó fi ọ̀dà yẹ́lò kùn ún.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mú iná 50 Hz wá, ìgbà 1500 ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan, gọ́fánọ̀ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀. Páyílódà ní tirẹ̀ ń fẹ́ eré tó lé ní 2000 kí tọ́ọ̀kì tó lè dì í mú. Ẹni tí wọ́n fokùn dè lẹ́sẹ̀ la ń bá wí pé kò sáré! A gbé pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì lọ bá ẹni tó ń kálíbrétì, ó pààrọ̀ sípíríǹgì gọ́fánọ̀, ó tún un tò. Nígbà tí ó padà wọ inú òkúta, ó kó o kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tún yí padà láìmí kanlẹ̀.

Mi ò gba owó iṣẹ́ tọ́ọ̀kì, mi ò sì sọ fún oníbàárà pé ọmọṣẹ́ ló rí i. Ìsinsìnyí ni mo ń sọ ọ́.

Nọ́ńbà mọ́tò lọ́tọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀ o. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Ará Lancashire

Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi. Ìlú òyìnbó ni mo wà, mo ń ran bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń tún páyílódà Chaseside kan ṣe. Ní Blackburn níbí ni wọ́n ti ń ṣe é kí JCB tó ra iléeṣẹ́ náà ní 1968. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè é ní páyílódà, bàbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi síta. Ó ní orúkọ ọjà àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn, ti Frank G. Hough ní Libertyville, Illinois, iléeṣẹ́ tí International Harvester rà ní 1952. Àwa tí à ń pe gbogbo rẹ̀ ní páyílódà láti Badagry dé Ṣakí, ẹ wo ibi tí orúkọ ti wá! Mo ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti sú u láti máa bá mi jà.

Wàhálà wa ni bólùtì. Mo gbé sípánà onímílímítà mi wá, èyí tó yẹ kó bá a mu yọ̀, ó bó mi lẹ́yìn ọwọ́. Bàbá lọ gbé àpótí irin kan jáde láti abẹ́ tábìlì, àwọn sípánà inú rẹ̀ dúdú bí èédú, Whitworth ni wọ́n, ìwọ̀n àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà tó wà lára wọn kì í ṣe ti fífẹ̀ orí bólùtì, ti sísanra ọ̀pá rẹ̀ ni. Ó gbà mí lóṣù kan kí orí mi tó gbà á.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bólùtì Whitworth àti UNC ti Amẹ́ríkà ní iye eyín kan náà nínú ínǹṣì kan ní ọ̀pọ̀ ìwọ̀n, nítorí náà wọ́n máa ń wọ ara wọn. Igun eyín wọn ló yàtọ̀: dìgírì 55 ni ti Whitworth, 60 ni ti UNC. Ẹ lè fi ọwọ́ yí i wọlé kí inú yín dùn, àmọ́ kò jókòó dáadáa, ọjọ́ tó bá gbé ẹrù ni ẹ máa mọ̀. A bá mẹ́rin irú ẹ̀ nínú Chaseside yìí, iṣẹ́ ẹnì kan tó ti lo mọ́tò náà ṣáájú wa.

Bẹ́ríǹ àti ọ́ìlì síìlì kò yọ wá lẹ́nu rárá. Nọ́ńbà wà lára bẹ́ríǹ, ṣọ́ọ̀bù bẹ́ríǹ ló ti wá, orúkọ mọ́tò kò kàn wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń tú bíréèkì mọ́tò àtijọ́, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Asbestos ló máa ń wà nínú láínì bíréèkì ayé ìgbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá wí. Omi la fi ń rẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbí, a sì ń bo imú.

Tọ́nà Àgbà

Ará Lancashire ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Wọ́n máa ń gbé pín-ìn-nì ọwọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì wá fún mi, wọ́n á ní "75 mílímítà ni, ṣe é ní 75." Mo á fi vernier, irin ìwọ̀n wa, wọ̀n ọ́n ní ibi tí kò tíì jẹ: 76.2. Ínǹṣì mẹ́ta gérégé ni, mọ́tò Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó bá ṣe é ní 75, mílímítà kan lé díẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un láti máa jó nínú búṣì, òrùka irin tí pín-ìn-nì ń gbé inú rẹ̀, á sì máa dún gbàgà gbàgà láti ọjọ́ kìíní. Kí ẹ má wọn ibi tó ti jẹ o, ìdí pín-ìn-nì níbi tí búṣì kì í dé ni kí ẹ wọ̀n.

Áàsì típà tó ti kán ni mo fi ń gé tèmi. Irin ojú ọjà lásán á tẹ̀ kí oṣù tó parí.

Fọ́kánáísà

Mo fẹ́ dákẹ́, mi ò lè dákẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní apá òsì. Táyà páyílódà ni, 23.5-25, irú èyí tí ríǹgì irin ń di etí rẹ̀ mú. Ó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpẹtà ti jẹ ojú ibi tí ríǹgì ń jókòó sí. Ọ̀gá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀ sí iwájú rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń jò. Ríǹgì fò.

Ẹ fọ ojú ríǹgì títí ẹ ó fi rí irin, èyí tó bá ti jẹ, ẹ jù ú nù. Ẹ fi ṣéènì wé e tàbí kí ẹ gbé e sínú kéèjì, ẹ lo họ́ọ̀sì gígùn, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró síwájú. Tí ẹ bá sì fẹ́ tú u, ẹ yọ inú fáàfù, kí afẹ́fẹ́ tán pátá kí òòlù tó kan nǹkan kan.

Ọmọ Oníyanrìn (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an. Fọ́kánáísà, ọkàn mi gé. Táyà ẹ̀yìn tèmi méjèèjì wà níwájú ilé báyìí, mi ò tíì fọwọ́ kàn wọ́n, mi ò sì ní fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ títí ẹ óò fi dé.

Mi ò parí ìtàn tèmi lẹ́ẹ̀kan. Páyílódà náà dìde ní 2022, ó ń kó iyanrìn sí típà lójoojúmọ́, táyà ẹ̀yìn nìkan ni mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Àmọ́ tó bá wọnú òkìtì iyanrìn tó tutù, ó máa ń wọ́ra rẹ̀. Mo ti gbà pé ọjọ́ orí ni.

Nígbà tí mo ka ti ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì tán lálẹ́ àná, mo mú tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ, mo jáde lọ họ ara ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà mẹ́ta ló wà lórí ara wọn: yẹ́lò, búlúù, yẹ́lò. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí wà, ihò ìṣó lásán ni mo bá.

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ máa gbà wá sí Ìbàdàn?