Ìbọn àti ẹrù ọjọ́ pàjáwìrì: ohun tó yẹ kó wà nílé kí ìbọn tó dé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ìbọn nítorí ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka iye lítà omi tó wà nílé. Ẹnì kan á lò tó lítà 4 lójúmọ́, fún mímu, ìdáná àti ìmọ́tótó díẹ̀. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó bá fẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nílò lítà 224. Lítà kan wúwo tó kílò kan, kò sì sẹ́ni tó lè gbé ìyẹn sá. Ìdí nìyí tí bílíìṣì àti asẹ́ omi fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpò. Bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán 2 ló tó lítà kan. Bí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì kán ìlọ́po méjì sí i. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Asẹ́ kéékèèké tó ní àwọn okùn oníhò nínú a máa gba bakitéríà dúró, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì kéré ju ihò rẹ̀ lọ, á kọjá. Bí omi inú rẹ̀ bá sì ti dì bíi yìnyín rí, ẹ jù ú nù, àwọn okùn yẹn ti lè ya láìjẹ́ pé ojú rí i.

Lẹ́yìn omi, ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹ ra ọ̀já ìdá-ẹ̀jẹ̀-dúró, irú èyí tó ní ọ̀pá kékeré tí à ń yí, kí ó jẹ́ méjì. Ẹ̀gbẹ́ òkè ojú ọgbẹ́ ni à ń dè é sí, pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kì í ṣe lórí oríkèé. À ń yí ọ̀pá náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, bó ti wù kí ẹni náà ké tó, a ó sì kọ aago tí a dè é sílẹ̀. Àánú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìdè tí kò le tó á dí ẹ̀jẹ̀ tó ń padà lọ sọ́kàn, kò sì ní dí èyí tó ń ti ọkàn bọ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

* * *

Ẹ lè sọ pé ìbọn náà ní ìwúlò tirẹ̀, òótọ́ sì ni. Bí omi àti ọ̀já yẹn bá ti wà nílẹ̀, tí òfin gbà yín láàyè, tí ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbọn kan àti irú ọta kan. Ẹni tó kó oríṣi mẹ́ta mẹ́rin jọ ti fi owó ra àdàlù ọta, ibẹ̀ sì ni ewu wà.

Ẹ wo ìbọn oníkátíríìjì. Géèjì ni à fi ń mọ bí ọ̀pá ìbọn ti fẹ̀ tó, nọ́ńbà tó bá ga jù ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nítorí náà kátíríìjì géèjì 20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti géèjì 12 lọ. Bó bá ṣèèṣì bọ́ sínú ìbọn géèjì 12, kò ní dúró níbi tó yẹ, á yọ̀ lọ síwájú, á há sínú ọ̀pá ìbọn. Ẹni náà á fà á, kò ní dún. Á ṣí i, á fọwọ́ kàn án, á bá ibẹ̀ lófìfo. Á wá ki kátíríìjì géèjì 12 sí i, á tún fà á. Ọ̀pá ìbọn á bẹ́ níbi tí ọwọ́ tó dì í mú wà gan-an. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ ìyeyè kun kátíríìjì géèjì 20, àmọ́ nínú òkùnkùn, ta ló ń rí àwọ̀?

Gígùn kátíríìjì náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Wọ́n máa ń kọ mìlímítà 70 tàbí 76 sára ọ̀pá. Kátíríìjì 76 tí a kò tíì yìn kúrú ju 76 lọ, torí pé ẹnu rẹ̀ ṣì ká wọlé, nítorí náà á wọ inú ìbọn 70 wẹ́rẹ́. Ìgbà tó bá yìn ni ẹnu yẹn á fẹ́ ṣí, kò ní ráàyè, agbára inú ọ̀pá á sì ga kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún. Pé ó wọlé kò ní kó jẹ́ èyí tó bá a mu.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìbọn tó ń ti èjìká gan-an, géèjì 20 sàn ju 12 lọ, torí ẹni tó ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀ á máa dijú kó tó fà á. Ìbọn .22 ń yin ọta kékeré tó fúyẹ́: ọta 500 rẹ̀ kò tó kílò 2, nígbà tí kátíríìjì géèjì 12 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ti lé ní kílò kan. Ẹ má fojú kékeré wò ó o, ọta .22 lè rìn tó kílómítà 2, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tí ẹ dojú rẹ̀ kọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ ká ọwọ́, ẹ gbé ìdí ìbọn sínú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ wò bóyá ìka ìlábẹ̀ dé ibi tí à ń fà. Bí kò bá dé, ìdí rẹ̀ ti gùn jù fún yín.

* * *

Mo fẹ́ fi ti ìró kún un. Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ má gbé ẹnu rẹ̀ kúrò níbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹ ka ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i, torí iná lè pẹ́ kó tó ràn. Bó bá wá dún pọ́ọ̀, bí ohun tí kò jẹun kánú, ẹ dáwọ́ dúró pátápátá. Ọta ti lè há sínú ọ̀pá. Ẹ tú gbogbo ọta kúrò, kí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ já láti ìdí dé ẹnu kí ẹ tó ronú kan òmíràn.

Ẹ fi ohun tí à ń fi dí etí kún ẹrù yín pẹ̀lú. Ìró ọ̀pọ̀ ìbọn ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 140 lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré sì lè ba etí jẹ́ títí láé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá nù ún, epo ẹ̀kán díẹ̀ ti tó. Epo àpọ̀jù máa ń kó eruku jọ, ó sì tún lè wọ kápù ìdí ọta, èyí tó ń ran iná sí i, ọta á di aláìdún. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò onífóòmù, torí fóòmù a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà, láìsí ọta nínú, kí ọta sì wà nínú àpótí mìíràn tí à ń tì. Àwọn ọmọ mọ ibi tí òbí ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí ju bí òbí ṣe rò lọ.

* * *

Díẹ̀ ló kù. Ẹ yọ bátìrì alikaláìnì kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò tí ẹ bá ń tọ́jú, omi ara rẹ̀ máa ń jò, á jẹ irin inú wọn. Ẹ máa gba iná sí báńkì iná lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ di gbogbo ẹrù sínú àpò, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Bó bá ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ, ẹ tún un dì. Ẹ gbé e rìn fún kílómítà 5. Bí ẹ bá wá rí i pé kátíríìjì ló wúwo jù nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, kì í ṣe omi.