Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ayọ̀ kéékèèké inú ọdún?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún ń parí lọ, mo sì fẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Kì í ṣe ti owó o. Àwọn nǹkan kéékèèké tó dùn mọ́ mi ládùúgbò ni mo ní lọ́kàn, àti èyí tí mo ṣe yọrí: aládùúgbò tí a kì í kíra tẹ́lẹ̀ tó ti di ọ̀rẹ́, ẹ̀wù tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tó dun èèyàn kì í tètè kúrò lọ́kàn. Èyí tó múnú ẹni dùn ló ń yára pòórá. Oṣù tó kọjá ṣì hàn kedere, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti di àwátì. Mo wo fọ́tò orí fóònù mi, ọjọ́ ayẹyẹ nìkan ló kún ibẹ̀ (ta ló ń ya fọ́tò ọjọ́ lásán?). Mo ra ìwé àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n kíkọ ọ́ lálaalẹ́ wá dà bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo tún ń rò ó bóyá kí n máa kọ gbólóhùn kan lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà wo lẹ ń gbà ṣe é tí kò fi di ẹrù?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.