Ìmọ̀ràn lórí ìrìnàjò sí Peru: ahoro àwọn Inca, odò inú igbó àti adágún Titicaca

Àbíkẹ́ Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Mo ń wá ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti dé orílẹ̀-èdè Peru rí. Èmi, ọkọ mi àti màmá mi, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 66, fẹ́ lọ lo ọjọ́ 18 níbẹ̀ nínú oṣù kẹfà. London ni a ó ti gbéra, ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, nítorí náà ọ̀rọ̀ físà kò dí wa lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni ọkàn wa fà sí: Machu Picchu, ahoro ìlú orí òkè tí àwọn Inca, tí ó jọba níbẹ̀ kí àwọn ará Sípéènì tó dé, kọ́; odò kan nínú igbó Amazon; àti adágún Titicaca. Ẹni tí ń bá wa ṣètò ìrìnàjò ní kí a bọ́ sí Lima, kí a wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ẹ̀bá Titicaca lọ́jọ́ kejì, kí a sì máa ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí Cusco, olú-ìlú àwọn Inca láyé àtijọ́. Ṣé ètò náà dára? Ṣé kí a fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà àwọn Inca ni, àbí kí a wọ ọkọ̀ ojú irin? Odò wo ni ẹ óò yàn bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Madrid

Àǹtí Àbíkẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ètò yẹn. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fún èmi náà. Juliaca ni pápákọ̀ òfurufú tí a ń bọ́ sí fún Titicaca wà, ó sì fi ohun tí ó lé ní 3,800 mítà ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, nígbà tí Lima wà létí òkun. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un, oúnjẹ kọ̀ láti lọ lọ́nà ọ̀fun mi, bí mo bá sì gun àtẹ̀gùn márùn-ún, àfi kí n dúró mí. Ọ̀rá chin-chin tí mo gbé láti ilé, tí n kò tíì já, wú sórí tábìlì hòtẹ́ẹ̀lì bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn tí a ń rí nínú èémí kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ tí mo ń wo adágún náà lójú fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Machu Picchu ni ó ga jù nínú ìrìnàjò yìí, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Nǹkan bí 2,430 mítà ni Machu Picchu, Ollantaytambo tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin tó nǹkan bí 2,790, Cusco tó 3,400, Titicaca sì wà ní 3,812. Nítorí náà, bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Cusco, ẹ má sùn níbẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì odò Urubamba, kí ẹ sun Ollantaytambo ní òru méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ lọ sí Machu Picchu, kí ẹ tó padà wá gbé Cusco. Adágún ni kí ẹ fi parí rẹ̀, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ òfurufú láti Juliaca padà sí Lima. Ètò kan náà ni wọ́n ṣe fún yín, orí rẹ̀ ni wọ́n fi sí ibi ìdí.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwé arìnrìnàjò kì í sábà mẹ́nu bà, tí ó sì kan àwa ọmọ Yorùbá gidigidi. Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní? Ẹni tí ó bá ní SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kò gbọdọ̀ gun irú òkè bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tí ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ní AS, tí kò ṣàìsàn rí, tí wọ́n sì ti sọ fún láti kékeré pé kò sí nǹkan kan tí ó ń ṣe é, nílò ìkìlọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àìtó ọ́síjìn òkè gíga mú kí hóró ẹ̀jẹ̀ wọn tẹ̀ bí dòjé, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, tí ìrora gbígbóná sì kọlù wọ́n ní ìhà òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Bí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ má rò pé inú rírun lásán ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sọ fún wọn pé AS ni, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè.

Ní ti igbó, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Bí màmá bá ti gbà á ní Nàìjíríà, tí káàdì aláwọ̀ yẹ́lò wọn sì wà nílẹ̀, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti gbà pé títí ayé ni ẹ̀rí náà. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbà á rí, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà, torí pé ewu abẹ́rẹ́ náà ń pọ̀ sí i fún ẹni tí ó bá ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Bàbá Ìbejì, Houston

Ọ̀nà àwọn Inca tí wọ́n ń rìn fún ọjọ́ mẹ́rin gba ibi tí ó ga ju 4,200 mítà lọ, n kò sì ní rọ̀ yín láti mú màmá lọ síbẹ̀. Ènìyàn 500 péré ni wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́, àwọn alárùù àti afinimọ̀nà sì wà nínú iye yìí, nítorí náà ti oṣù kẹfà máa ń tán ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí màmá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ollantaytambo dé Aguas Calientes, ìlú kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ Machu Picchu, kí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì tí ń gun òkè fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì bá ń yún yín, ọ̀nà kúkúrú kan wà tí a ń rìn ní ọjọ́ kan, láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń sọ ènìyàn kalẹ̀ ní kìlómítà 104. Ó gba Wiñay Wayna, ahoro àwọn Inca mìíràn, kọjá, ó sì wọ Machu Picchu láti Ẹnu Ọ̀nà Oòrùn, níbi tí gbogbo ìlú náà ti là sílẹ̀ níwájú ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà ní iye.

Tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu ní wákàtí ìwọlé àti ipa ọ̀nà tí a kọ sí i, a kò sì lè ti ipa kan bọ́ sí òmíràn. Ipa kejì ni kí ẹ rà, nítorí ó kọjá níbi tí a ti ń wo ìlú náà láti òkè, ó sì tún wọ àárín àwọn ilé. Ìwé ìrìnnà tí ẹ bá fi rà á ni kí ẹ mú lọ.

Ẹ má ṣe sáré kúrò ní Cusco lẹ́yìn náà. Ní Sacsayhuamán, odi ńlá àwọn Inca lókè ìlú náà, òkúta kan wà níbẹ̀ tí ó wúwo ju ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù lọ, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tò ó mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìlo sìmẹ́ńtì tàbí amọ̀ kankan. Mo gbìyànjú láti ti etí tíkẹ́ẹ̀tì mi bọ àárín òkúta méjì, kò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọdún 1950, ilé àwọn àlùfáà tí àwọn ará Sípéènì kọ́ lé Coricancha, tẹ́ḿpìlì oòrùn àwọn Inca, lórí wó lulẹ̀ ní apá púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri àwọn Inca tí ó wà nísàlẹ̀ dúró digbí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, wọ́n ń ṣe Inti Raymi, ọdún oòrùn, ní Cusco. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí i, ẹ tètè gba yàrá.

Olólùfẹ́ Odò

Iquitos, ìlú kan nínú igbó Amazon, ni èmi yóò yàn. Kò sí títì ọkọ̀ tí ó so ó mọ́ ìyókù Peru, ojú omi tàbí òfurufú nìkan ni a ń gbà dé ibẹ̀. Nítòsí Nauta, a rí ibi tí odò Marañón àti Ucayali ti pàdé tí wọ́n di Amazon, àwọn ẹranko omi aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí wọ́n ń pè ní dolphin sì ń yọ ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Madrid

Ibẹ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ 18, odò Tambopata, nínú igbó tí ó wà lẹ́bàá ìlú Puerto Maldonado, bá ètò wọn mu jù. Ọkọ̀ òfurufú láti Cusco dé Puerto Maldonado kò tó wákàtí kan. Kí oòrùn tó là ni wọ́n gbé wa lọ sí bèbè odò kan tí amọ̀ rẹ̀ pupa, a jókòó láìsọ̀rọ̀. Àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ ewé kọ́kọ́ bà, lẹ́yìn náà ni àwọn ńlá tí ó jọ odídẹrẹ́, aláwọ̀ pupa àti búlúù, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ ní méjìméjì, tí wọ́n ń fi ẹnu já amọ̀ jẹ. Ariwo wọn bo ti omi. Ẹ mú súwẹ́tà dání o. Ní oṣù kẹfà, atẹ́gùn tútù kan tí wọ́n ń pè ní friaje lè ti gúúsù fẹ́ wá, òtútù yóò sì mú ènìyàn nínú igbó.

Kí ẹ lọ sí igbó ṣáájú òkè ni mo fẹ́. Bí ẹ bá fi sí àárín, ara tí ó ti mọ òkè yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé rẹ̀.

Àbíkẹ́ Peckham

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo pe màmá lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì: AS ni wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ òkè rí. A ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà fún Tuesday. Bí ó bá ní kí wọ́n má dé Titicaca, màmá àti èmi yóò dúró sí Ollantaytambo, ọkọ mi yóò sì lọ bá wa wo àwọn ará Uros tí ń gbé lórí erékùṣù koríko tí ó léfòó lórí adágún náà. Mo ti fagi lé ọkọ̀ òfurufú ti Juliaca, ilé tí a óò sùn sí ní Ollantaytambo ni mo sì kọ́kọ́ san owó rẹ̀ lálẹ́ àná.