Mọ́tò tuntun mi ti rin 2,400 kìlómítà: ṣé kí n da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù báyìí?

Ìyá Ìbejì, Mọ́wé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá. Lẹ́yìn tòkunbọ̀ méjì, Ọlọ́run ṣe é, mo ra Corolla tuntun, èmi gan-an ni mo ya ọ̀rá kúrò lórí àga rẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ méje lánàá. Mẹkáníìkì àdúgbò wa, tó ti ń bá mi tọ́jú mọ́tò láti ọdún mẹ́fà, ní kí n da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù kíá. Ó ní irin tuntun máa ń họ ara wọn, pé ìyẹ̀fun irin ti kún inú ọ́ìlì náà. Àwọn tó ta mọ́tò fún mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ó di 10,000 kìlómítà tàbí ọdún kan. Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Berger ṣe máa ń rí láàárọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin tu owó rẹ̀ jọ, mi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Awakọ̀ Ọ̀jọ̀ọ́
Ẹ kú oríire, ẹ ó fi rìnnà ire o. Ní 1,000 ni mo ti yí tèmi. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí mo fi dà á nù.

Bọ̀ọ̀dá Mẹkáníìkì, Ṣómólú
Ìyá Ìbejì, mẹkáníìkì yín ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́ ló ń sọ. Ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń họ ara rẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, fíltà ló sì wà níbẹ̀ láti sẹ́ ìyẹ̀fun irin yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irin lónìí mọ́ ju ti ìgbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́ lọ. Kódà, Honda máa ń kọ ọ́ sínú ìwé mọ́tò wọn pé kí èèyàn má da ọ́ìlì tó bá mọ́tò tuntun wá nù títí àsìkò rẹ̀ á fi tó. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de 10,000 náà. Ẹ ṣí ìwé tó bá mọ́tò yín wá, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìlò líle: eruku, ooru, mọ́tò tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́. Ta ni wọ́n ń bá wí bí kì í bá ṣe àwa? Ẹ lè lo wákàtí kan ní Berger kí mọ́tò má rin ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ẹ́ńjìnnì ò sinmi ní gbogbo wákàtí yẹn, éà-kọ̀ndíṣọ̀n ń fà á, ọ́ìlì ń gbóná, kìlómítà ò sì ka ìyẹn. Lójú tèmi, 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Kí ẹ sì yí fíltà pẹ̀lú rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹni tó da ọ́ìlì tuntun sórí fíltà tó ti dí, omi mímu ló bù sínú ìkòkò tí kò fọ̀.

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fíltà fi ojú mi rí lọ́dún tó kọjá. Ọmọ iṣẹ́ kan ló bá mi yí i. Rọ́bà fíltà àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kò wò ó, ó de tuntun lé e lórí. Kí n tó dé Ìbafò, iná pupa tó rí bí àgé kékeré tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo páàkì, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo bojú wẹ̀yìn: ọ́ìlì ti fa ìlà dúdú sórí títì. Ká ní mo ní kí n rọ́jú délé ni, ẹ́ńjìnnì á ti nọ́ọ̀kì. Ẹ dúró tì wọ́n o. Ẹ gba fíltà àtijọ́ wò, kí ẹ rí i pé rọ́bà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun, kí wọ́n sì fi ọwọ́ lásán dè é, kì í ṣe sípánà.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London
Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lo ọ́ìlì kan náà níbí, àmọ́ ọ̀nà tó já gaara ni mo ń rìn. Ẹ má fi tiwa wọn tiyín. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì nítorí wọ́ráńtì, kí ọjọ́, iye kìlómítà àti irú ọ́ìlì wà lórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti wo ìwé náà, 0W-20 ni irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní omi lásán nìyẹn, pé 20W-50 tó ki ló dáa fún ooru ilẹ̀ wa.

Bọ̀ọ̀dá Mẹkáníìkì, Ṣómólú
Áà, ẹ má gbà fún un! 20W-50 wà fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú tiyín tín-ín-rín, èyí tó fúyẹ́ ló máa tètè gòkè nígbà tí ẹ bá tan mọ́tò láàárọ̀. Ẹ má sì rà á lẹ́bàá títì, àwọn kan ń rọ ọ́ìlì tí wọ́n ti lò sínú gálọ́ọ̀nù tuntun. Títí di 5,000 yẹn, ẹ máa wo géèjì, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọlẹ̀ padà, kí ẹ tó wá fà á wò. Bó bá dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Bí ọ́ìlì bá lọ sísàlẹ̀ àmì kejì, èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ má gbé mọ́tò jáde.

Ìyá Ìbejì
Ìta ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Ó wà láàárín àmì méjèèjì, ó pọ́n bí oyin. Mo ti kọ 5,000 sórí bébà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.