Karl: ọmọlúàbí kọ́, ọ̀gbẹ́ni ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣàkójọ ìtumọ̀ orúkọ àjèjì ní kí a túmọ̀ Karl, orúkọ àwọn ará Jámánì tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Charles, sí "ọmọlúàbí". Àbúrò kan fèsì pé "òmìnira" ló yẹ, torí ẹni tí kì í ṣe ẹrú ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìwà la fi ń mọ ọmọlúàbí. Karl kò kan ìwà rárá, ipò láwùjọ ló ń sọ. Ewì àtijọ́ kan wà tí àwọn ará Iceland fi pamọ́, tó sọ bí òrìṣà kan ṣe ya ilé mẹ́ta, tó sì fi ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀. Thræll ni baba ńlá àwọn ẹrú, Jarl ni ti àwọn ìjòyè. Karl ló wà láàárín wọn: ó ń fi màlúù túlẹ̀, ó ń kọ́lé, ó ń gbẹ́ ohun èlò oko. Kò sin ẹnikẹ́ni, kò sì joyè.

Òmìnira ńkọ́? Ipò nìyẹn, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn baba wa kì í sì í fi òmìnira kọjú sí ẹrú, ọmọ ni wọ́n fi ń kọjú sí i: bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ. Díẹ̀ ló kù kí n dábàá "ọmọ" fúnra rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní rò pé ọmọdé là ń wí?

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí rìn dé. Ceorl ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ẹni tó bá pa á ní Wessex, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ibẹ̀, 200 ṣílè ni yóò san fún ẹbí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìjòyè ló pa, 1,200 ni (ṣílè tiwọn o, kì í ṣe èyí tí àwọn bàbá wa ná). Ceorl yìí náà ló di churl, èébú fún ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ní Jámánì, Kerl, ìbátan ọ̀rọ̀ yìí, wá dà bí ìgbà tí a bá ní "ọkùnrin yìí", nígbà mìíràn pẹ̀lú yínyín imú.

Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn Slav, àwọn ẹ̀yà bíi ti Pólándì àti Rọ́ṣíà, ó gorí ìtẹ́. Charlemagne, Karl tí Póòpù Leo Kẹta dé ládé ní Róòmù lọ́jọ́ Kérésì ọdún 800, lókìkí débi pé orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ fún ọba: król ní Pólándì, král lọ́dọ̀ àwọn Czech, korol ní Rọ́ṣíà. Àwọn ará Hungary yá a, wọ́n ń pè é ní király. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Késárì ṣe di Kaiser, ọ̀rọ̀ Jámánì fún ọba ńlá.

Àbá tèmi ni "ọ̀gbẹ́ni". Ẹni tí kò lóyè là ń pè bẹ́ẹ̀. A fi ń bọ̀wọ̀ fún un lórí lẹ́tà, a sì tún ń fi lé e: "Ọ̀gbẹ́ni, kúrò lọ́nà jàre!" Kerl gan-an nìyẹn. Ti gígorí ìtẹ́ ńkọ́? Nígbà tí Rauf Aregbesola jẹ́ gómìnà ní Ọ̀ṣun, láti 2010 sí 2018, Ọ̀gbẹ́ni ló ní kí wọ́n máa fi ṣáájú orúkọ òun dípò àwọn àpèlé ńláńlá.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń gbé ọ̀wọ̀ àti èébú lẹ́ẹ̀kan náà, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.